Ilé Tí Kò Ní Àtẹ̀gùn ní Bódìjà

Abà Ògúntúndé,
Lẹ́yìn Ẹlẹ́yẹlé,
Ìbàdàn.

Surajudeen, Àkànmú ọkọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà ní Àbújá? Ìyàwó ńkọ́, iṣẹ́ ńkọ́, ooru ibẹ̀ ńkọ́? Bí o bá bèèrè wa, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, orúnkún mi méjèèjì nìkan ni kò fẹ́ bára wọn ṣọ̀rẹ́. Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí o fẹsẹ̀ kọ, àpò rẹ kò ní jò, ọ̀gá rẹ kò ní fi ojú burúkú wò ọ́. Àmín. Má bi ẹnikẹ́ni pé ta ló kọ lẹ́tà yìí o. Èmi Nàfísátù ni mo fọwọ́ ara mi kọ ọ́, Tíṣà Wándé tó ń kọ́ wa ní kíláàsì àwọn àgbà sì ti ní mo ti kúrò lẹ́gbẹ́ àwọn tí ń tẹ̀ka. Àgùntàn rẹ bí ìbejì. Adìẹ Ìyá Simon ará ẹ̀gbẹ́ ilé wa ń yé sínú garawa mi láìtọrọ àyè.

Iṣẹ́ tí o rán mi ni mo fẹ́ jẹ́ báyìí. O ní kí n lọ wo ọkùnrin tí Ramlah ọmọ rẹ ní òun fẹ́ fẹ́ ní Bódìjà, kí n sì fi ọgbọ́n àgbà sọ fún un pé kò ní ṣeé ṣe, nítorí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e. O bi mí pé bí wọ́n bá fẹ́ra tán, ta ni yóò máa gbé ta ni. Mo lọ ní Ọjọ́rú.

Inú Máíkírà tí a wọ̀ ní Dùgbẹ̀ ni Ramlah ti ń fún mi lófin. Ó ní n kò gbọ́dọ̀ sọ pé arọ. Ó ní kí n sọ pé ẹni tó ń lo àga onítáyà, tàbí kí n kúkú pe orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́, Abdulmojeed. Mo ní ṣé mo lè béèrè ohun tó ṣe ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó ní Mojeed kò ní béèrè ohun tó ṣe eyín mi. Dírẹ́bà rẹ́rìn-ín títí ó fi gbé wa kọjá ibi tí a ó ti sọ̀.

Àkànmú, ojú mi rí nǹkan. Ilé náà kò ní àtẹ̀gùn. Sìmẹ́ńtì ni wọ́n tẹ́ láti géètì dé ẹnu ọ̀nà, ó ń gòkè díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tí kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀. Mo rò pé dúrọ́ọ̀mù epo ni wọ́n ń yí gba ibẹ̀, mo ní bóyá ọmọ náà ń ṣòwò. Ìgbà tí mo dé pálọ̀ ni mo wo ọwọ́ mi, mo rí i pé n kò di Ramlah mú. Ẹnu ọ̀nà ibẹ̀ fẹ̀ débi pé orogún méjì lè gbà á wọlé pọ̀ kí wọ́n má jà. Ibi tí wọ́n ti ń tan iná wà nísàlẹ̀ ògiri, níbi tí ọwọ́ ọmọdé lè tó. Mo mọ̀ pé ọkùnrin yìí ti ń múra sílẹ̀ de ọmọ, mo sì gbàdúrà kí ilé náà kún. Ramlah ní ìdí rẹ̀ kọ́ nìyẹn. Mo ní kó ṣáà ṣe àmín.

Nígbà tí ìrun Alásàárì tó, mo wọ balùwẹ̀ lọ ṣe àlùwàlá. Ẹ̀rọ omi náà kò ní ohun tí à ń yí. Mo na ọwọ́ sábẹ́ rẹ̀ kí n lè wá ibi tí wọ́n ń yí i, omi dà. Mo fa ọwọ́ kúrò, omi dákẹ́. Ó dà lẹ́ẹ̀mẹta fún ọwọ́, lẹ́ẹ̀mẹta fún ẹnu, lẹ́ẹ̀mẹta fún ojú, kò ṣì í kà rárá. Subuhanallahi! Ta ló kọ́ irin ní kéwú tó báyìí? Àwa tí a ti ń kírun láti kékeré, a máa ń gbàgbé iye tí a ti fọ̀. Mo kí i pé kí Ọlọ́run gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Iná ńkọ́? Mojeed bá a sọ̀rọ̀, ó tàn. Èmi náà bá a sọ̀rọ̀, mo kí i, mo bẹ̀ ẹ́, kò dá mi lóhùn. Mojeed tẹ fóònù rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó ní kí n sọ pé Ìyá Àgbà ti dé. Mo sọ ọ́, gbogbo ilé mọ́lẹ̀ kedere! Iná tí a ti ń bẹ̀ lábà wa láti ọjọ́ yìí tí kò kà wá sí, ó mọ̀ mí ní Bódìjà.

O bèèrè ẹni tí yóò máa gbé ẹnìkejì. Mojeed ló se ìrẹsì, òun ló bù ú, ó gbé àwo lé itan, ó yí táyà wá bá mi. Ọmọ rẹ jókòó, ó ń tẹ fóònù.

Bí mo ti jẹun yó, tí mo ń wo ọgbọ́n tó wà nínú ilé náà, òwe bọ́ sí mi lẹ́nu. Mo ní ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa... Àkànmú, ibẹ̀ ni mo ti rí ibi tí òwe náà ń lọ, bẹ́ẹ̀ ó ti gbéra, kò ṣeé dá padà. Ramlah ranjú mọ́ mi. Mo ní kì í pa ẹni tó ń lo àga onítáyà tó bá gbọ́n. Ni Mojeed bá bú sẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di táyà mú, ó ní òwe Ìyá Àgbà ti gùn ju súnkẹẹrẹ fàkẹẹrẹ Ìwó Road lọ. Ó ní kí n má bẹ̀rù, òun mọ òwe náà. Ó ní nínú òwe, wọ́n fi ọgbọ́n kún un, ṣùgbọ́n tí òun bá dé ìta, wọ́n á pe arọ nìkan, wọ́n á fi ọgbọ́n sílẹ̀.

O ní báwo ni yóò ṣe dọ̀bálẹ̀ fún àna. Ó tẹrí ba fún mi títí iwájú orí rẹ̀ fi kan orúnkún. Ọkọ àbúrò rẹ dọ̀bálẹ̀ gbalaja lọ́jọ́ ìdána, ibo ló wà lónìí?

Ọmọ mi, ilé tí o kọ́ fún mi dára, táìlì rẹ̀ ń dán, gbogbo abà ló ń wá wò ó. Ṣùgbọ́n àtẹ̀gùn wà níwájú, ó wà lẹ́yìn, ìdí ni mo sì fi ń sọ̀ ọ́, àfi tí Ìyá Simon bá wá gbé mi. N kò sọ fún ọ kí inú rẹ má baà bàjẹ́. Bó o bá ń wá ẹni tí wọ́n ń gbé nínú ẹbí wa, èmi ni. Ní ilé Mojeed, ẹnikẹ́ni kò gbé mi.

Nítorí náà, n kò jẹ́ iṣẹ́ rẹ. Mo ní kí ọmọ náà kó àwọn ènìyàn rẹ̀ wá mọ̀ wá. Àmọ́ kò lè gba àtẹ̀gùn wọlé, ó sì ti yàwòrán ọ̀nà tó ń gòkè díẹ̀díẹ̀ fún bíríkìlà. Fi owó sìmẹ́ńtì ránṣẹ́ sínú fóònù Ìyá Simon, kí o fi díẹ̀ lé e, wọ́n ní owó máa ń dín kù lójú ọ̀nà inú fóònù. Bí ó bá dé, mo mọ̀ pé o ti gbà. Bí kò bá dé, màá ta ìbejì àgùntàn rẹ.

Ọlọ́run yóò bù sí i fún ọ. Kò ní jẹ́ kí o kọ́ ilé tí ìwọ fúnra rẹ kò ní lè wọ̀ lọ́jọ́ alẹ́. Àmín.

Èmi ni ìyá rẹ,
Nàfísátù.