Rédíò Inú Ọkọ̀ Àǹtí Mi

Yàrá Rédíò,
Ilé Ìgbẹ̀bí.
Ọjọ́ Kẹrìnlá, Oṣù Kẹfà.

Ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà? Bàbá ńkọ́? Ẹsẹ̀ tó ń dun Màmá, ṣé ó ti ń fúyẹ́? Ara tèmi le, ọkàn mi ni kò balẹ̀.

O rántí àbúrò màmá mi, agbẹ̀bí tí mò ń gbé lọ́dọ̀ wọn? Fóònù kì í ṣiṣẹ́ lọ́nà oko tí wọ́n ti ń lọ gbẹ̀bí. Ìdí nìyẹn tí mo fi so rédíò ìbánisọ̀rọ̀ mọ́ bátìrì kékeré inú ọkọ̀ oníná wọn, èyí tí kì í lo epo. A dán an wò nínú ọgbà, ohùn já geere. Inú wọn dùn débi pé gbogbo àdúgbò ló gbọ́ pé ọmọ àwọn ti di ẹnjiníà. Ẹnjiníà ọdún kìíní ní yunifásítì!

Àṣé torí pé ọkọ̀ wà ní pípa ni. Lánàá, bí wọ́n ṣe tan ọkọ̀ báyìí, ariwo ṣààà gba inú rédíò bí òjò orí páànù. Ẹ̀rọ tó ń fa iná látinú bátìrì ńlá tó ń gbé ọkọ̀ rìn sínú kékeré ló ń fà á. Bí a bá sì pa ọkọ̀ kí a lè gbọ́ràn, rédíò á máa fa bátìrì kékeré gbẹ, bátìrì kékeré yẹn ló sì ń jí ọkọ̀. Bátìrì ńlá ì báà kún dẹ́nu, ọkọ̀ ò ní kúrò lójú kan.

Mo ní kí n tú u kúrò. Wọ́n ní, "Tú kí ni? Ṣé kí n máa pariwo sí igbó ni? Gbọ́wọ́ kúrò lára ọkọ̀ mi jàre!" Wọ́n ní kí n jókòó ti rédíò ilé ìgbẹ̀bí, pé táwọn bá dé oko, àwọn á pa ọkọ̀ díẹ̀, àwọn á pè mí.

Láti àárọ̀ tí wọ́n ti lọ, wọn ò tíì pè. Ta ló rán mi sí iṣẹ́ tí mi ò tíì mọ̀ tán? Bí bátìrì bá ti kú mọ́ wọn lọ́wọ́ ńkọ́?

Dúró ná, rédíò ń dún.

Ọ̀rẹ́ mi, àwọn ni! Aboyún kan wà lẹ́yìn ọkọ̀, ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀, eré ni wọ́n ń sá bọ̀. Mo dáhùn títí, ariwo ṣààà inú rédíò wọn ò jẹ́ kí wọ́n gbọ́ mi, bẹ́ẹ̀ èmi ń gbọ́ wọn ketekete. "Mi ò gbọ́ ẹ o," ni wọ́n ń wí, "ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé o wà níbẹ̀. Sọ fún dókítà kó múra sílẹ̀." Mo ti sáré lọ sọ. Dókítà ti ń fọwọ́.

Wọn ò tíì dé. Mo ṣì ń dá wọn lóhùn. Bá mi kí Bàbá àti Màmá.

Tìrẹ ni mo jẹ́,
Oníwáyà.