Fíúsì Ọgbọ̀n Tí Kò Já

Àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó rẹ, mo kí àwọn ọmọ. Ṣé ara le? Ṣé ọjà ń lọ? Mo gbà á ládùúrà pé kí ìwé yìí bá gbogbo yín ní àlàáfíà, nítorí pé ilé tí ó ti wá kò ní àlàáfíà tó lè fi ránṣẹ́ sí yín.

Bàbá ni wọ́n ní kí n kọ ọ́. Ọwọ́ wọn méjèèjì ṣì wà nínú báńdéèjì, wọn ò lè di bírò mú, ni wọ́n bá yá ọwọ́ mi lò. Ọ̀rọ̀ tiwọn kò gùn, mo sì kọ ọ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́: "Ẹnjiníà mi, máa bọ̀ wálé. Ẹ̀gbọ́n rẹ ti fi fíúsì burúkú jó iṣẹ́ wa run. Wá gba ibí yìí lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó jó ilé mọ́ mi lórí." Ó parí. Ìwọ tó ń ta bàtà ni Ẹnjiníà o! Èmi tí mo ń tọ́jú pọ́ńpù omi ẹja wa láti ọjọ́ tí a ti rà á ni mo jó iṣẹ́ run.

Ìyókù ìwé yìí, tèmi ni. Fìdí balẹ̀ kí o kà á.

Ṣé o rántí ìgbà tí o wá kí wa kẹ́yìn? Ìwọ àti Bàbá jókòó sí ẹ̀yìnkùlé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtíbàbà tí táǹkì ẹja wà lábẹ́ rẹ̀, ni pọ́ńpù bá dákẹ́. Fíúsì ti já. Mo fẹ́ ṣe bí mo ṣe máa ń ṣe: kí n yọ orí wáyà kúrò lára bátìrì, kí n tú ẹnu pọ́ńpù, kí n fa ewéko tàbí ìjákù àwọ̀n tó há síbẹ̀ jáde, kí n tó fi fíúsì mìíràn sí i. O bú sẹ́rìn-ín. O ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, kí lẹ ń fi fíúsì ọmọdé ṣe? Ẹ sún, ẹ jẹ́ kí n bá yín wò ó sàn." O lọ yọ ti áńpù ọgbọ̀n nínú ọkọ̀ rẹ, o sì tì í bọ àyè ti áńpù mẹ́wàá tó já.

Mo sọ ọ́ lójú rẹ. Mo ní rewáyà tó bá wa so pọ́ńpù náà ti ṣàlàyé: pọ́ńpù ń jẹ tó áńpù méje, wáyà tó ń gbé iná lọ bá a kò lè ru ju mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ, nítorí náà àárín méjèèjì ni fíúsì gbọ́dọ̀ wà. Mo ní wáyà ni fíúsì ń ṣọ́. Bàbá ló bá ọ dá mi lóhùn: "Ọkùnrin ń ṣiṣẹ́, o ń rojọ́. Lọ wo ìkòkò rẹ lórí iná." Ẹ̀yin méjèèjì rẹ́rìn-ín, mo sì lọ wo ìkòkò.

Nígbà tí o lọ tán, mo fẹ́ yọ ọ́. Bàbá ti kó gbogbo fíúsì kékeré sápò. Wọ́n ní ọmọ wọn ò ní tún nǹkan ṣe kí n wá fi ìlara bà á jẹ́. Ìlara! Wọ́n ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá yà sílé pé láti ìgbà tí Ẹnjiníà ti fọwọ́ kàn án, fíúsì ò já mọ́. Òótọ́ ni, kò já.

Lọ́jọ́ tí ọ̀ràn ṣẹlẹ̀, mo ti gbé ẹja lọ fún oníbàárà wa, ìyá tó ní yàrá yìnyín. Ìjákù àwọ̀n wọ ẹnu pọ́ńpù, kò lè yí mọ́. Ti mẹ́wàá ìbá ti já, n ó dé, n ó yọ ìdọ̀tí, ó tán. Ti ọgbọ̀n jókòó síbẹ̀, ó ń wo wáyà bó ṣe ń yọ́ títí ó fi gbaná. Bàbá fi ọwọ́ lásán fà á já. Rọ́bà wáyà lẹ̀ mọ́ wọn ní àtẹ́lẹwọ́. Nígbà tí nọ́ọ̀sì ń ya á kúrò, èmi ni mo di orí wọn mú. Àtíbàbà jó. Àwọn táǹkì yọ́, omi dànù, àwọn ẹja sì ń ta pàtì-pàtì nínú eérú títí wọ́n fi dákẹ́.

Àwọn ará àdúgbò wá bá wa kẹ́dùn. Wọ́n ní ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Ilé wa kì í ṣe ilé ọba. Rewáyà lọ sí ẹ̀yìn ògiri níbi tí bátìrì wà, tí iná ò dé, ó yọ ti ọgbọ̀n, ó gbé e sókè, okùn inú rẹ̀ ṣì wà lódindi. Ó ní, "Ta ló fi èyí síbẹ̀?" Bàbá fi ìgbọ̀nwọ́ tọ́ka sí mi. Mo rò pé ìrora ló ń sọ̀rọ̀. Láti ọjọ́ náà ni àwọn ọmọdé ti ń pè mí ní Ọgbọ̀n-Áńpù. Bí mo bá kọjá, wọ́n á fọwọ́ bo imú, wọ́n á ní èéfín ti ń bọ̀.

Nígbà tí mo kọ ìwé yìí dé ibí, mo kà á sétígbọ̀ọ́ Bàbá láti òkè délẹ̀ bí mo ṣe ń fún wọn lóúnjẹ. Mo ń retí kí wọ́n bínú. Wọn ò bínú rárá. Wọ́n ní, "Mo mọ̀ pé òun ni. Ọjọ́ tí iná ti jó ni mo ti mọ̀. Ṣùgbọ́n tí mo bá bá a wí, kò ní fẹsẹ̀ tẹ ilé yìí mọ́. Ìwọ ńkọ́? Ibo lo fẹ́ lọ? Ẹni a bá sùn tì là ń jarunpá lù." Wọ́n wá la ẹnu de ṣíbí. Mo bọ́ wọn títí àwo fi ṣófo.

Mo ti rí ibi tí mo fẹ́ lọ. Ìyá oníyàrá yìnyín ń ṣí òmíràn ní ìlú tó jìnnà, ó sì ti gbà mí síṣẹ́. Kí ìwé yìí tó dé ọwọ́ rẹ, n ó ti wọkọ̀. Aránṣọ tó wà lójúlé kejì yóò máa bọ́ Bàbá di Sátidé. Lẹ́yìn Sátidé, ọwọ́ rẹ ni ṣíbí wà. Fẹ́ ọbẹ̀ wọn kó tutù díẹ̀. Bí o bá ń bá wọn nu ìdí, wọ́n máa ń sunkún. Má wo ojú wọn. Wọn ò tíì mọ̀ pé mò ń lọ. Ìwọ ni kí o sọ fún wọn, ẹnu rẹ nìkan ni ọ̀rọ̀ ti ń dùn létí wọn.

Kí Ọlọ́run mú ọ délé láyọ̀. Kí Ó fún Bàbá ní ẹ̀mí gígùn, kí Ó sì jẹ́ kí ìwọ àti wọn pẹ́ pọ̀ dáadáa, kí ìwọ náà lè di ẹni a sùn tì.

Èmi ni,
Ẹ̀gbọ́n rẹ obìnrin, ọmọ ìyá rẹ kan ṣoṣo.

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé: fíúsì kan wà nínú àpò ìwé yìí, ti áńpù mẹ́wàá. Àpò ṣòkòtò Bàbá ni mo ti rí i nígbà tí mò ń fọ ẹ̀jẹ̀ kúrò lára rẹ̀. Bí ẹ bá ra pọ́ńpù mìíràn irú ti tẹ́lẹ̀, òun ni kí o fi sí i, lẹ́bàá orí bátìrì. Bí ó bá já, má bú u. Kọ́kọ́ wo ohun tó há sí pọ́ńpù lẹ́nu.