Abọ́ Fàúsátù Lọ́jọ́ Iléyá

Agége,
31 July, 1955.

Ìyá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọdún o. Mo kí Bàbá àti gbogbo ilé. Ikọ́ mi ti lọ.

Ní ti Fàúsátù, ọmọ Àǹtí Sùlíyá tí ẹ ní kí a febi pa títí yóò fi jẹ ẹran, mo ṣàkíyèsí pé ìgbà tí ọbẹ̀ bá kan iṣu rẹ̀ ló máa ń figbe ta. Lánàá, mo bu iṣu lásán sínú abọ́ tirẹ̀. Ọkọ Àǹtí ní, “Akọ̀wé, ta ló kọ́ ẹ lọ́mọ títọ́?” Ṣùgbọ́n Fàúsátù jókòó tì mí, ó jẹun tán láàárín gbogbo wa.

Tí ẹ bá ń bọ̀ ní Máólúdì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bu ọbẹ̀ sí abọ́ Fàúsátù. Iṣu ni kí ẹ bá a mú wá. Àwa la ó jẹ ẹran rẹ̀.

Kí Ọlọ́run mú yín dé láyọ̀.

Ọmọ yín,
Sàídátù.