Ìpara Onídèérí Pupa, Ìpara Onídèérí Búlúù

Sanguéra,
Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹfà, 1987.

Ruth Adùnọlá ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà ní Kodjoviakopé? Ṣé ò ń jẹun, ṣé ò ń sùn? Ara àwa náà le, a dúpẹ́. Ewúrẹ́ wa bí méjì, bàbá rẹ sì ti tún ilé ìdáná kọ́, ṣùgbọ́n ó gbàgbé ilẹ̀kùn. Olúwa tó mú ọ wọ yunifásítì yóò mú ọ jáde tìwé-ẹ̀rí-tìwé-ẹ̀rí.

Nígbà tí o kọ̀wé pé ọgbọ̀n ènìyàn lápá kan, ọgbọ̀n lápá kejì kò tó, pé bí ìpara orúnkún tí ò ń dán wò yìí tilẹ̀ ṣiṣẹ́ o lè má rí ìyàtọ̀, àyà mi já, mo ní ṣé ìwé ti ba ojú ọmọ mi jẹ́ ni. Bàbá rẹ ló kà á síwájú: o ní bí wọ́n bá pé mẹ́rìnlélọ́gọ́ta lápá kọ̀ọ̀kan, tí ìpara bá gbéṣẹ́ lóòótọ́, nínú ìgbà ọgọ́rùn-ún o máa rí i nígbà ọgọ́rin. Ogún tó kù ńkọ́? Mo ti gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta lé e lórí. O tún ní ọ̀gá rẹ sọ pé bí ìyàtọ̀ ò bá hàn, ọdún méjì tí o fi ṣiṣẹ́ yìí á di òfo. Má fòyà, ìyá rẹ wà ńbẹ̀.

Àwọn ènìyàn pé. Gbogbo orúnkún tó ń ro ní Sanguéra ni mo kó jọ, títí kan Ìyá Cécile tó jẹ́ pé ìbàdí ló ń dùn ún. Mo pín ìpara náà bí o ṣe wí: onídèérí pupa tó ní oògùn fún apá kan, onídèérí búlúù tí kò ní nǹkan kan nínú fún apá kejì, n kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Gbogbo rẹ̀ ń lọ dáadáa, àfi ìgbà tó kan àwọn ìbejì Àlàbí, àgbà méjì tó ń gbé lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Ìwé orúkọ tí o fi ránṣẹ́ fi Táyé sí pupa, ó fi Kẹ́hìndé sí búlúù. Adùnọlá, ta ní í fún Táyé ní nǹkan tí kì í fún Kẹ́hìndé? Mo fún àwọn méjèèjì ní pupa, ni àwọn olóbúlúù yòókù bá ń wò mí, ọkàn mi ò sì gbà á mọ́. Mo gba gbogbo ìpara padà, mo dà á sínú bàsíà kan, mo rò ó pọ̀ dáadáa, mo wá pín in dọ́gba-dọ́gba. Inú gbogbo wọn dùn!

Jọ̀ọ́, fi ẹgbẹ̀rún méjì sẹfà ránṣẹ́ fún ọṣẹ, nítorí bàsíà náà ṣì ń yọ̀. Fi ìpara sí i, pupa nìkan.

Apá méjèèjì péjọ sílé wa lánàá, wọ́n gbàdúrà fún ọ, mo sì ṣe àmín tagbára-tagbára: láéláé, ẹnikẹ́ni kò ní rí ìyàtọ̀ kankan láàárín wọn.

Èmi ni ìyá rẹ,
Comfort Ọláníkẹ́.