Ìka Kinnari Lórí Páálí Sárì

Sítúdíò Òkè Kẹta,
Ẹ̀yìn Ọjà Aṣọ,
Surat.
Ọjọ́ Àìkú.

Savan, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé ara le? Báwo ni ìyàwó, báwo ni ọmọ tuntun? Mo mọ̀ pé ilẹ̀ Bhuj tó o wà yẹn gbẹ bí ẹnu ẹni tó jẹ ata, àmọ́ kí ayé tìẹ má gbẹ o. Kí àlàáfíà máa bá ẹ jókòó, kó máa bá ẹ dìde. Màmá mi ní kí n kí ẹ, wọ́n ní o ò tíì dá abọ́ àwọn padà láti ọdún tó kọjá. Mo mọ̀ pé wàá ti máa rẹ́rìn-ín pé Dharmik tó sá kúrò ní kíláàsì keje ló ń kọ lẹ́tà. Fóònù mi ò ṣeé lò fún ọ̀rọ̀ yìí ni. Kinnari àbúrò mi mọ bí wọ́n ṣe ń ṣí i ju èmi tí mo ni ín lọ, orí ẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ wà. Orí mi dàrú, Savan.

Kọ́kọ́ gbọ́ ti ògo mi ná. Látìgbà tó o ti fi sítúdíò sílẹ̀, èmi lọba fọ́tò ládùúgbò yìí. Ọgọ́rin sárì ni mò ń yà lójúmọ́. Sárì tó jẹ́ pé tó o bá sín sí i, á ya, jẹ́ kí n ṣáà tan iná mi sí i, wàá búra pé sílíìkì ni. Ìkòkò onírin tí mo yà lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹni tó ni ín gan-an bi mí níbi tí mo ti rí i rà.

Lóṣù méjì sẹ́yìn, Sheth Dhansukh, ọ̀gá tó ni ilé-iṣẹ́ sárì, gbé sárì aláwọ̀ àlùbọ́sà kan wá. Ó fẹ́ fọ́tò ẹ̀ fún ojú páálí, ọjọ́ kejì ló sì gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ àwọn atẹ̀wé. Módẹ̀lì wa ò wá, ibà ló ń ṣe é. Kinnari ló gbé oúnjẹ ọ̀sán wá fún mi. Mo wò ó, ó wò mí. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má tiẹ̀ dábàá ẹ̀." Mo ní, "Orí ẹ ò ní hàn, láti ọrùn lọ sísàlẹ̀ ni." Ó ní, "Orí yìí ló rẹwà jù lára mi, òun lẹ wá fẹ́ gé dànù!" Ó bá wọ̀ ọ́.

Savan, fọ́tò yẹn! Mi ò ya irú ẹ̀ rí. Ó rọra fi ìka di etí aṣọ mú, aṣọ wá ń ṣàn bí odò Tapi. Kò sí ṣọ́ọ̀bù tí páálí yẹn ò sí ní Surat báyìí. Èmi tí mo máa ń fọ́nnu torí pé mo jí láàárọ̀, mi ò lè sọ pé èmi ni mo yà á, torí wọ́n á bi mí pé ta ló wọ̀ ọ́.

Ìdí ni pé ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó Kinnari àti Mehul ti ń lọ. Bàbá Mehul yìí, lọ́dún tó kọjá, ó tú àdéhùn ìgbéyàwó ọmọkùnrin ẹ̀ àgbà ká nítorí pé ọmọbìnrin tó fẹ́ fẹ́ dúró fún fọ́tò ẹ̀gbà ọrùn. Ó ní, "Ọmọ tí gbogbo ọjà ti wò tán, kí la tún fẹ́ wò lára ẹ̀?" Kinnari sì fẹ́ràn Mehul. Tó bá ń fọ abọ́, òun nìkan á máa rẹ́rìn-ín. Tí ọ̀rọ̀ yìí bá bàjẹ́, èmi ni mo bà á jẹ́.

O rántí ìka ọmọńdinrín ọwọ́ òsì ẹ̀, èyí tí ilẹ̀kùn há lójọ́sí? Ìwọ lo ti ilẹ̀kùn yẹn, má sẹ́. Ó ṣì ká kò bí ìwọ̀ ẹja. Ìka yẹn gan-an ló fi di etí aṣọ mú nínú fọ́tò. Mo gbìyànjú láti fi kọ̀ǹpútà pa á rẹ́, aṣọ wá dà bíi pé iwin ló dì í mú. Mo bá fi í sílẹ̀.

Wá gbọ́ àṣìṣe mi. Nígbà tí mo gbé fọ́tò sórí páálí, mo rí i pé ó kẹ̀yìn sí orúkọ ilé-iṣẹ́. Sheth á ní mo kọ ìdí obìnrin sí orúkọ òun! Mo bá fi kọ̀ǹpútà yí i padà bíi ti inú dígí, ó wá kọjú sí orúkọ. Mo yin ara mi títí. Àfi lọ́sẹ̀ tó kọjá tí àwọn obìnrin ọlọ́jà bẹ̀rẹ̀ sí í fi Sheth ṣe yẹ̀yẹ́. Ó pè mí. "Dharmik, ṣé ìyá ẹ ò wọ sárì rí ni? Èjìká òsì ni aṣọ ń gbà lọ sẹ́yìn, ìwọ gbé e gba ọ̀tún!" Mo ní, "Sheth, àṣà tuntun ni." Ó ní, "Àṣà tuntun náà ni kí n gba iṣẹ́ mi lọ́wọ́ ẹ. A fẹ́ tẹ òmíì. Tó bá fi máa di ọjọ́ Ìṣẹ́gun, kó o ti yí i padà."

Wàhálà wá dé. Tí mo bá yí i padà, ìka á padà sí òsì, níbi tí ti Kinnari wà. Bó ṣe wà yìí, ọ̀tún ló wà. Ẹni tó bá ní Kinnari nìyẹn, a óò bi í bóyá ó fọ́jú ni. Àṣìṣe mi ló ń bo àṣírí, Savan! Ṣé o ti rí irú ẹ̀ rí?

Lánàá ni Ìyá Mehul wá fún ìyàwó lẹ́bùn. Wọ́n tú ọ̀rá, kí ni mo rí? Sárì aláwọ̀ àlùbọ́sà, nínú páálí ẹ̀! Wọ́n ní, "Bí obìnrin orí páálí yìí ṣe wọ̀ ọ́ ló wù mí. Kinnari, lọ wọ̀ ọ́ bẹ́ẹ̀ ká rí ẹ." Kinnari wọ̀ ọ́ jáde, ọwọ́ ẹ̀ sì lọ di etí aṣọ mú fúnra ẹ̀. Ìyá Mehul wo ìka, wọ́n wo páálí. Wọ́n rọra ní, "Ti orí páálí yìí, ọwọ́ ọ̀tún ni." Mo ní, "Ọ̀tún ni, mà! Ọ̀tún pátápátá!" Ta ló bi mí? Wọ́n dìde, wọ́n gbé páálí lọ síwájú dígí kọ́bọ́ọ̀dù wa, wọ́n kọjú ẹ̀ sí dígí. Wọ́n wò ó pẹ́. Wọ́n gbé e sílẹ̀, wọ́n ní kí màmá mi fi ṣúgà kún tíì àwọn. Wọ́n ṣàdúrà fún Kinnari. Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ti fa etí mi: "Fọ́tógíráfà, lọ́jọ́ míì, ya orí ẹ̀ mọ́ ọn. Ojú ẹ̀ dáa."

Kí nìyẹn túmọ̀ sí? Ṣé wọ́n ti mọ̀, wọ́n sì gbà ni? Àbí wọ́n ń lọ sọ fún ọkọ wọn? Ṣé ìyìn ni àbí ìkìlọ̀? Láàárọ̀ yìí mo jẹ lócho gbígbóná, mi ò mọ̀ bóyá iyọ̀ wà nínú ẹ̀. Tí mi ò bá yí fọ́tò, iṣẹ́ lọ. Tí mo bá yí i, bóyá ọkọ Kinnari lọ. Ìwọ tó o ti níyàwó, tó o gbọ́ èdè àwọn obìnrin, gbà mí nímọ̀ràn.

Kí ọmọ ẹ dàgbà, kó má jọ ẹ́ nímú. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí iná ilé ẹ kú.

Èmi ni, ọ̀rẹ́ ẹ láti kékeré tá a jọ ń jí máńgò,
Dharmik, ọba iná.

Mo tún rántí: Kinnari ti rí lẹ́tà yìí. Ó kà á tán, ó fi bí mo ṣe ń kọ̀wé ṣe yẹ̀yẹ́, ó wá ní Ìyá Mehul ti pe òun láàárọ̀, pé kí òun wá kọ́ àwọn bí wọ́n ṣe ń di etí aṣọ yẹn mú. Mo ní, "Bàbá Mehul ńkọ́?" Ó ní Ìyá Mehul sọ pé láti ọgbọ̀n ọdún táwọn ti ń wọ sárì níwájú ẹ̀, kò tíì mọ èjìká tó ń gbà. Ló bá jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, ó yí fọ́tò ara ẹ̀ padà, ó fi ránṣẹ́ sí Sheth kí n tó dìde. "Ọwọ́ òsì ni ìka mi wà," ló wí. Torí náà, má dààmú lórí ìmọ̀ràn mọ́. Ó jọ pé gbogbo wọn ti mọ ibi tọ́rọ̀ ń lọ, àfi èmi tí mo di kámẹ́rà mú. Dá abọ́ màmá mi padà.