Bátìrì Tí Dìran Yí Padà

                                        Ṣọ́ọ̀bù Rewáyà,
                                        Àgọ́-Ọ̀bà,
                                        Abẹ́òkúta.
                                        Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹsàn-án, ọdún 1996.

Mọ́nsúrù, ọ̀rẹ́ mi tá a jọ kọ́ṣẹ́,

Mo kí ọ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ilé ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ẹsẹ̀ tó ń dùn ọ́ nígbà ọdún iléyá, ṣé ó ti fúyẹ́ díẹ̀? Àwa náà wà níbí, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Ara mi le. Inú ló ń bí mi.

Ìṣojú rẹ ni ìyà ṣe jẹ mí, ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ̀wé sí ọ. O mọ̀ pé ìwé kejì ni mo kà tí bàbá mi fi kú. O mọ̀ pé ẹsẹ̀ ni mo fi rìn láti Ọ̀dẹ̀dá wá sọ́dọ̀ ọ̀gá wa, pé gàrí tí kò ní ṣúgà la jọ mu fún ọdún mẹ́rin, pé ásíìdì jẹ ṣòkòtò kan ṣoṣo tí mo ní, tí mo fi àpò sìmẹ́ńtì bo ìdí lọ sílé lọ́sàn-án gangan. Ibà fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí lórí bẹ́ńṣì, mi ò kú. Lónìí, ta ni kò mọ Sàlàhúdíìnì Rewáyà ní gbogbo ilẹ̀ Ẹ̀gbá? Mo kọ́lé méjì, mo ti dé Mẹ́kà lẹ́ẹ̀mejì, ọmọ-iṣẹ́ mọ́kànlélógún ni mo ti fún ní fríìdọ̀mù. Ẹnikẹ́ni ò bá mi ṣe é.

Ọ̀kan nínú àwọn mọ́kànlélógún yẹn ni Dìran, tó ṣí ṣọ́ọ̀bù tiẹ̀ sí Òkè-Ìléwó. Òun ló fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

O rántí maṣíìnì dúdú ti Tíṣà Herbert, alùpùpù tí àwọn òyìnbó ṣe láyé ọjọ́un? Tíṣà ti kú, ṣùgbọ́n èmi ni mo tọ́jú iná ẹ̀ fún ọdún méjìlélọ́gbọ̀n. Oṣooṣù ni mò ń bu omi bátìrì sí i níwọ̀nba, tí mò ń fi omi gbígbóná fọ orí bátìrì rẹ̀, tí mò ń fi gíríìsì pa á. Ìwọ náà mọ ohun tí ọ̀gá wa kọ́ wa nípa irú maṣíìnì yẹn. Lára ti òde òní, nẹ́gátífù là ń so mọ́ ara irin. Lára tiyẹn, pọ́sítífù ni. Bí wọ́n ṣe ṣe é wá nìyẹn.

Olújìmí ọmọ Tíṣà wá fẹ́ fi maṣíìnì náà ṣáájú ìwọ́de ṣọ́ọ̀ṣì wọn, torí wọ́n ń ṣe àádọ́jọ ọdún láti 1846. Mo wà ní Ìlọrin lọ́sẹ̀ yẹn, ló bá gbé e lọ bá Dìran pé kó bá òun yẹ iná wò. Bí Dìran ṣe ṣí i, ó pe gbogbo rewáyà tó wà nítòsí. Ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní:

“Ẹ wá wo iṣẹ́ Bàbá. Pọ́sítífù ló so mọ́ irin. Ẹni tí kò kàwé, báwo ló ṣe fẹ́ mọ àmì orí bátìrì?”

Ló bá yí i padà. Olújìmí gùn ún, kò tíì dé Kútọ̀ tí èéfín fi ń rú lábẹ́ ìjókòó. Wáyà jó láti ìdí dáínámò dé iná iwájú. Ẹsẹ̀ ni Olújìmí fi rin ìwọ́de náà. Dìran wá sọ fún un pé èmi ni mo ti ń so ó sódì láti ọjọ́ yìí, pé ìyẹn ló ba wáyà jẹ́. Olújìmí gbà á gbọ́, ó fẹjọ́ mi sun ẹgbẹ́ àwa rewáyà, tí mo jẹ́ alága rẹ̀. Ẹgbẹ́ ní kí n fi ipò alága sílẹ̀ ná.

Bùsírátù ìyàwó mi ní kí n gbàgbé ẹ̀. Ó ní, “Alhaji, ọmọ yín ni Dìran. Ẹ pè é sínú yàrá, kẹ́ ẹ bá a wí.”

Mo bi í pé, “Ṣé inú yàrá ló ti bú mi ni?”

Mo ti bẹ Olújìmí, ó jẹ́ kí n gbé maṣíìnì náà wálé. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo fi tún gbogbo wáyà ẹ̀ fà. Iná ẹ̀ ń tàn báyìí bíi ti ọjọ́ tí Tíṣà rà á. Mo wá fi fíùsì kan sí i, tí yóò máa jó dípò wáyà, èyí tí kò ní tẹ́lẹ̀, torí maṣíìnì náà kò ṣẹ̀ mí, mi ò fẹ́ kí ìyà tún jẹ ẹ́. Lẹ́yìn náà ni mo yọ bátìrì kúrò.

Bá mi kí Adépéjú ìyàwó rẹ, kí o sì bá mi kí ẹ̀gbọ́n rẹ tó ń gbé ní ẹ̀yìnkùlé.

Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ la ní ìpàdé ẹgbẹ́. Màá ti maṣíìnì yẹn wọ àárín wọn, Olújìmí á sì wà níbẹ̀. Mi ò ní bú ẹnikẹ́ni. Màá gbé bátìrì lé Dìran lọ́wọ́, màá ní kó so ó, kó fẹsẹ̀ ta maṣíìnì náà, kó sì fún un lépo dáadáa. Bó bá so ó bó ṣe so ó lọ́jọ́sí, fíùsì á jó lójú gbogbo wọn. Bó bá so ó bí mo ṣe ń so ó, á jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ ló jẹ́wọ́ pé mo tọ̀nà. Ọ̀nà kẹta ò sí. Ó máa dọ̀bálẹ̀, mo mọ̀ ọ́n. Mi ò ní ní kó dìde títí ìpàdé á fi tú.

Tìrẹ ni mí bí ti àtẹ̀yìnwá,
Alhaji Sàlàhúdíìnì Rewáyà.