Ìdí Tí N Kò Fi Tẹ̀lé Òkú Màmá Lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́

                                        Ojúlé Kọkànlá,
                                        Òpópónà Akínṣẹ̀yẹ,
                                        Múṣin, Èkó.
                                        Ọjọ́ Kẹtàdínlógún, Oṣù Kẹsàn-án, 2024.

Ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n, Ìrètí,

Báwo ni gbogbo ilé? Ṣé ẹsẹ̀ tó ń dun ọkọ rẹ ti ń fi í lọ́rùn sílẹ̀? Àwọn ọmọ ńkọ́, ṣé wọ́n ti wọlé ìwé? Mo kí ìyá ọkọ rẹ, mo sì kí ìwọ náà kú òjò, torí mo gbọ́ pé òjò ọdún yìí kò ṣeré rárá ní Ògbómọ̀ṣọ́. Àwa náà ń mí. Ẹ̀bùn ọmọ mi wà, ọkọ mi Ọláwálé ti padà sẹ́nu iṣẹ́. Èmi ni n kò mọ ohun tí mo lè pe ara mi.

O ṣeun tí o lọ síbi ìsìnkú màmá mi. Ọláwálé sọ fún mi pé ìwọ lo ń gbé omi fún àwọn àlejò, pé ẹkún tí o sun kò kéré. Ó ní o bi òun pé, "Motọ́lání dà?" Mo mọ ohun tí wọ́n ń sọ ní agboolé wa. Wọ́n ní ọmọ kan ṣoṣo tó kù fún Ìyá Bámidélé jókòó sí Èkó, ó jẹ́ kí àwọn ẹlòmíràn bu yẹ̀pẹ̀ sí ìyá rẹ̀ lórí. N kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ṣùgbọ́n orí àpótí kan náà ni màmá mi ti ń di irun fún èmi àti ìwọ. Ó yẹ kí o gbọ́ ọ lẹ́nu mi.

O rántí ìsọ̀ rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà, níbi tó ti ń rán ìrọ̀rí, tí èérún fóòmù ń lẹ̀ mọ́ ọn nírun bí ewú. Ọmọ mẹ́ta ló bí. Bámidélé àti Solomon, àwọn ẹ̀gbọ́n mi, àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde ló mú wọn lọ kí wọ́n tó dàgbà. Nígbà tí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ Ẹ̀bùn wò, tí wọ́n ní àìsàn kan náà ni, mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní ọsibítù, mo ń ké. Màmá kò sunkún. Ó na ọwọ́ méjèèjì sí mi.

"Gbé e fún mi," ó ní. "Mo mọ ọ̀nà yìí."

Bó ṣe pa ìsọ̀ rẹ̀ tì nìyẹn, tó kó wá sọ́dọ̀ wa. Bí orúnkún ọmọ náà bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún, Màmá á ti mọ̀ kí ọmọ fúnra rẹ̀ tó mọ̀. Á gbé omi kaná, á fi aṣọ gbígbóná máa tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀. Ẹnu rẹ̀ kò dùn, ìwọ náà mọ̀ ọ́n. Nígbà tí ọmọ lándílọ́ọ̀dù wa da omi tútù sí Ẹ̀bùn lára nínú eré, gbogbo àdúgbò ló gbọ́ èébú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò tún da omi sí ọmọ náà lára mọ́.

Ní oṣù keje, òjò bo òpópónà wa. Èmi wà níbi iṣẹ́ ní Yábà, Ọláwálé náà kò sí nílé. Ẹ̀bùn ti ilé ìwé dé, kò lè dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́. Kò sí kẹ̀kẹ́ Marúwá tó gbà láti wọ inú omi náà. Màmá fi ọ̀já pọn ọmọ ọdún mẹ́wàá, Ìrètí, ó sì la omi náà kọjá dé títì, tí ẹsẹ̀ ọmọ ń wọ́ lẹ́yìn rẹ̀. A kò mọ̀ pé òun alára ń ṣàìsàn. A ti rí i pé ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wú, ó ní ọjọ́ ogbó ni. Lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni Ìyá Muadh, aládùúgbò wa, sọ fún wa pé ó ti pẹ́ tí Màmá ti ń sùn ní ìjókòó, torí pé bó bá dùbúlẹ̀, kò ní rí èémí mí. Màmá bẹ̀ ẹ́ pé kó má sọ fún mi. Ó ní mo máa ní kí òun lọ sinmi, ta ni yóò wá dúró ti ọmọ?

Ọsibítù ni mo ti bá wọn, ìrora náà ti wọ Ẹ̀bùn láyà. Wọ́n fi afẹ́fẹ́ sí i nímú, wọ́n ní yóò gba ẹ̀jẹ̀. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, Màmá ní òun fẹ́ sáré lọ sílé lọ po ògì wá fún un. N kò tún rí i láàyè mọ́. Ìyá Muadh bá a ní kíṣìnnì, ó jókòó ti ògiri.

Ojú Ẹ̀bùn ni mo ń wò nígbà tí Ìyá Muadh ń sọ ọ́ fún mi lórí fóònù. Dókítà ti kìlọ̀ pé a kò gbọdọ̀ dẹ́rù bà á, pé ẹ̀mí rẹ̀ kò tíì dúró. Mo ní, "Ó dáa, ẹ ṣeun mà." Mo gé fóònù, mo sì fa aṣọ bò ó lẹ́sẹ̀.

Bàbá Ọ̀jẹ̀túndé, àbúrò Màmá, gbé ọkọ̀ dé láti Ògbómọ̀ṣọ́ lọ́jọ́ kejì. Màmá ti máa ń sọ ọ́ pé a kò gbọdọ̀ gbé òun sínú fíríìjì òkú. Nítorí náà Bàbá fẹ́ gbé e lọ sílé lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ẹnu ọ̀nà wọ́ọ̀dù la dúró sí.

"Motọ́lání, ìwọ nìkan ló kù fún un. Ẹni ọmọ sin ló bímọ. Ṣé kí n lọ sin ẹ̀gbọ́n mi bí ẹni tí kò bí ni?"

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́. Tí mo bá lọ, tí ọmọ yìí bá kú, kí ni mo fẹ́ sọ fún Màmá?"

"Bàbá rẹ̀ lè dúró tì í."

"Ẹ̀jẹ̀ mi ni wọ́n fẹ́ gbà dípò èyí tí wọ́n máa fún un, Bàbá. Tí kò bá tó, èmi ni wọ́n tún máa pè."

Bàbá ṣí fìlà, ó nu ojú. Ó ní, "Ó dáa. Mo ti gbọ́." Kò tún wẹ̀yìn wò mí. Ọláwálé ló tẹ̀lé wọn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ tí ẹ sin ín, Ọláwálé pè mí. Ó kàn na fóònù sí ibi tí ẹ wà. Mo gbọ́ orin, mo gbọ́ ohùn pásítọ̀, mo gbọ́ yẹ̀pẹ̀ lórí pósí. Nọ́ọ̀sì ń so ẹ̀jẹ̀ mọ́ Ẹ̀bùn lọ́wọ́ kan, ọwọ́ rẹ̀ kejì wà nínú tèmi.

"Mọ́mì, ta ni?"

"Dádì ni. Wọ́n ní kí n kí ọ."

"Ẹ ní kí wọ́n sọ fún Màmá kí wọ́n tètè máa bọ̀."

Mo jẹ́ iṣẹ́ náà bó ṣe rán mi. Ọláwálé bú sẹ́kún, mo sáré gé fóònù.

A dé ilé tán kí n tó lè sọ fún un. Ó ń wá Màmá káàkiri yàrá. Mo pè é jókòó, mo sọ ọ́. Kò ké. Ó bi mí pé, "Ṣé torí pé wọ́n pọ̀n mí ni?" Mo ní rárá, pé ọkàn Màmá ti ń ṣàárẹ̀ tipẹ́, dókítà ló sọ bẹ́ẹ̀. Ó kọjú sí ògiri.

Láti ọjọ́ náà, kì í sọ pé ara ń dun òun mọ́. Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, mo rí i tó ń di ògiri mú lọ sílé ìtọ̀, ẹ̀jẹ̀ ń jáde níbi tó ti gé ètè jẹ. Mo kúnlẹ̀, mo kọ ẹ̀yìn sí i, mo ní kó jẹ́ kí n pọ̀n ọ́n. Ó ní, "Ẹ fi mí sílẹ̀, Mọ́mì. Mo lè rìn." Mo bẹ̀ ẹ́ títí, kò gbà. Nígbà tí a máa fi gbé e dé ọsibítù, dókítà bi mí pé kí ló dé tí a fi pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Kí ni kí n sọ fún un?

Jọ̀ọ́, bá mi dé ọ̀dọ̀ Bàbá Ọ̀jẹ̀túndé. Wọn kì í gbé ìpè mi. Má wulẹ̀ bẹ̀ wọ́n, ka ìwé yìí sí wọn létí, kí o máa bọ̀. Kí o wá yà níbi ibojì Màmá. N kò mọ bí ibẹ̀ ṣe rí. Bá mi kúnlẹ̀ níbẹ̀, kí o pe orúkọ mi fún un, kí o sì sọ fún un pé ọmọ náà ṣì wà láàyè.

Bá mi kí ọkọ rẹ àti àwọn ọmọ. Ìyá Muadh ní kí n kí ọ. Ọláwálé náà ń kí ọ.

Èmi ni, èmi tí a jọ jẹun nínú abọ́ Màmá,

Motọ́lání.